Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn nínú ìtàn alájọkọ

Àwa kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí tí a jọ máa ń kọ ìtàn lórí Telegram. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà nílùú wa, wà nínú wa, télọ̀ wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta káàdì fóònù nítòsí Takie náà wà níbẹ̀. Olúkúlùkù dá ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀: ó sọ ọ́ lórúkọ, ó fún un níṣẹ́, ó fún un níwà, òun nìkan ló sì ń kọ ohun tí ẹ̀dá náà ń sọ àti ohun tó ń ṣe. Ọ̀yọ́ Ilé ni ìtàn wa ti ń ṣẹlẹ̀, ṣáájú kí ìlú náà tó tú. Ẹnì kan á kọ ìpín tirẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹni kẹta á tún fi tirẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìtàn ń lọ. Adùn rẹ̀ nìyẹn.

Irú eré báyìí kì í ṣe tuntun. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ń ṣe. Ní 1978, Roy Trubshaw, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ eré orí kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ MUD, Richard Bartle sì bá a mú un dàgbà. MUD ló jẹ́ kí àwọn tó wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè pàdé nínú ayé kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lásán kọ́. Nínú MUD, ẹ̀rọ ni adájọ́. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ lu ẹnì kan, ẹ̀rọ ló máa sọ bóyá ó bà á tàbí kò bà á. Lórí tábìlì, dáìsì àti adarí eré ló ń dá ẹjọ́ náà.

Nínú ìtàn tí a jọ ń kọ lórí Telegram, WhatsApp tàbí Discord, kò sí adájọ́ kankan láàrin wa. Bí mo bá jí lówùúrọ̀ tí mo kọ ọ́ pé mo ti bẹ́ ẹ̀dá-ìtàn yín lórí, kò sóhun tó dá mi dúró ju ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín lọ. Mo ti rí ìtàn tó dùn bí oyin tó tú ká láàrin ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé ẹnì kan kò ní ọ̀wọ̀ yìí. Ó dùn mí, torí àwọn tó mọ̀wé kọ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jáde. Wọn kì í bínú jáde. Wọ́n kàn máa ń dákẹ́ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí kò pọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tiyín dáwọ́ lé. Ohun tó bá yọrí sí lára ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn, ẹni tó ni ín ni kó kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ìwé ẹ̀dá-ìtàn náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Gbogbo gúrúùpù tó bá létò máa ń ní kí olúkúlùkù kọ ìwé kékeré kan nípa ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú, iṣẹ́, ilà ojú, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó ń bẹ̀rù. Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ òkè gúrúùpù kó má bàa sọnù sínú ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó kọ ìpín tí ẹ̀dá-ìtàn yín yóò ti bá ẹlòmíràn pàdé, ẹ padà lọ kà á. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Orúkọ nìkan lè kìlọ̀ fún yín. Bí ẹ bá rí Àyándélé, ọmọ onílù ni. Bí ẹ bá rí Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ ló ti wá. Bí ẹ bá rí Ọ̀jẹ́níyì, ilé eégún ni, ẹ ò sì ní torí pé ẹ fẹ́ kí ìran yín dùn kí ẹ wá kọ ọ́ pé ó bọ́ agọ̀ sílẹ̀ láàrin ọjà, tí àwọn obìnrin ń wo ojú rẹ̀. Ẹni tó ń kọ Ọ̀jẹ́níyì ti lè máa ṣètò àṣírí agọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ìlà kan péré lẹ fi tú u.

Ilà ojú náà ń kó bá èèyàn. Ẹnì kan kọ ọ́ pé àbàjà ni ẹ̀dá-ìtàn òun kọ, ẹ wá ń pè é ní onípélé. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú yín, ṣùgbọ́n nínú ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé, ilà ojú ń sọ ibi tí èèyàn ti wá, nígbà míràn ó ń sọ ìdílé rẹ̀. Ẹ ti pààrọ̀ baba ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ìgbìyànjú, ẹ fi àbájáde sílẹ̀

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, màá sì fara balẹ̀ díẹ̀.

Ká ní ẹ̀yin lẹ ń kọ Akínlabí, ọmọ ogun kan tí orí rẹ̀ gbóná. Ẹlòmíràn ló ń kọ Àjàyí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ igbá fínfín. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Ẹ wá kọ báyìí:

*Akínlabí fa idà yọ, ó ṣá Àjàyí léjìká. Àjàyí ké tòò, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, ó sì ń bẹ Akínlabí pé kó dá ẹ̀mí òun sí.*

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó jẹ́ tiyín níbẹ̀. Idà tí Akínlabí fà yọ, tiyín ni. Láti ibi tí ọgbẹ́ ti wọlé ni ẹ ti ń ná owó olówó: ọgbẹ́ náà, igbe náà, ọ̀bẹ tó bọ́, ìṣubú, ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ni Àjàyí lè wà ní kíláàsì tàbí níbi iṣẹ́ nígbà tí ẹ kọ ọ́. Nígbà tó bá fi máa ṣí fóònù, wọ́n ti dójú ti èèyàn rẹ̀ ní gbangba, kò sì sí níbẹ̀. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tó kọ sínú ìwé Àjàyí ni pé kò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

Ẹ wá wo èyí:

*Akínlabí fa idà yọ. Ó gbé e sókè, ó fi gbogbo agbára jù ú sí èjìká ọ̀tún Àjàyí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti wà létí kòtò tí òjò àná gbẹ́.*

Idà ṣì ń bọ̀, ìbínú Akínlabí kò sì dín. Àmọ́ ẹ ti fi ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹnì kejì láti dì mú: ó lè gbà kí idà bà á, ó lè lo ọ̀bẹ, ó lè ti Akínlabí sínú kòtò. Òǹkọ̀wé tó gbọ́n kì í kàn yẹra fún ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó kàn. Èsì tí ẹ lè rí gbà nìyí:

*Àjàyí yẹ̀, kò yẹ̀ tán. Idà ya apá bùbá rẹ̀, ó ha á lára. Kò wo ọgbẹ́. Igbá tó ti ń fín láti àárọ̀ ló kọ́kọ́ wò: ó ti là sí méjì nílẹ̀.*

Kò sí bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Akínlabí ṣe lè ronú kan igbá yẹn. Ẹni tó ti ń gbé pẹ̀lú Àjàyí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá nìkan ló mọ̀ pé igbá ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá ti kọ àbájáde, ẹ̀bẹ̀ tí kò dá yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni là bá rí. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ rí ohun tó dára ju èyí tí ẹ lè kọ lọ.

Ìjà nìkan kọ́ o. Ìfẹ́ ló burú jù, torí a kì í fura sí i. "Abẹ̀ní wo ẹ̀rín ẹnu rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì yọ́." Ta ló sọ fún yín pé ọkàn Abẹ̀ní yọ́? Ẹ rẹ́rìn-ín tiyín, kí ẹ dúró. "Abẹ̀ní kò lè ṣe é kó má dáhùn" náà kò dáa. Ó lè ṣe é. Àwọn gbólóhùn kan sì wà tó máa ń yọ́ wọlé tí ẹnikẹ́ni kì í rí: "gbogbo èèyàn dákẹ́", "gbogbo ọjà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ", "kò sẹ́ni tí àyà rẹ̀ kò já". Bí ẹ̀dá-ìtàn àwọn ẹlòmíràn bá wà ní ọjà yẹn, ẹ ti dárí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ ọ́ pé àwọn oníṣòwò sá, kí àwọn tó lórúkọ pinnu fúnra wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má bá ẹlòmíràn kúnlẹ̀

Mo ya èyí sọ́tọ̀ nítorí àwa Yorùbá gan-an ló ń dà láàmú. Ìkíni ti wọ̀ wá lára débi pé a kì í kà á sí ìṣe. Àgbàlagbà kan wọlé nínú ìtàn, ọwọ́ wa á sì ti kọ ọ́ pé "gbogbo àwọn ọmọdé dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀" ká tó mọ̀. Nínú ìtàn alájọkọ, kíkúnlẹ̀ jẹ́ ìpinnu. Ẹni tó ni eékún ló ń pinnu rẹ̀.

Ká ní obìnrin kan nínú gúrúùpù ń kọ ìlàrí kan, obìnrin, ìránṣẹ́ Aláàfin, tó fá ìdajì orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ó dé ìlú kékeré kan láti gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó ń kọ baálẹ̀ ìlú náà wá kọ ọ́ pé: "Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú ilé, Baba." Ẹ wo bí ìlà kan ṣe ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Láyé ìgbà náà, àṣẹ Aláàfin ló wà lórí ìlàrí, àwọn baálẹ̀ ló sì ń wá ojú rere rẹ̀. Ìran tó yẹ kó kún fún ìfura, níbi tí àgbàlagbà kan ti ń wo ọmọbìnrin tó lágbára ju òun lọ, tí kò mọ bóun ṣe máa kí i, ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń kọ baálẹ̀ ìbá ṣe kò le: kó kọ ọ́ pé baálẹ̀ jókòó, pé ó ń dúró de ìkíni, pé ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Kó wá wo ohun tí ìlàrí máa ṣe.

Ọjọ́ orí àwa òǹkọ̀wé fúnra wa náà máa ń wọ inú eré. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lè máa kọ olóyè, kí bọ̀dá tó ti lé lógójì ọdún máa kọ ẹrú. Nínú ìtàn, olóyè yóò sọ fún ẹrú pé, "Ìwọ, dìde kúrò níbẹ̀." Bọ̀dá kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn bínú, ọmọ náà kò sì gbọ́dọ̀ torí pé òun ń jẹ olóyè nínú ìtàn kó gbàgbé "ẹ" nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lásán. Ohun tí a ṣe ní tiwa ni pé a fi àmì // ṣáájú ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ ti òǹkọ̀wé. "// Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn kí olóyè tì í jáde?" Gbogbo èèyàn rí i pé ọmọ náà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe olóyè. Àmì kékeré yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ìjà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọjọ́ orí gba ìtàn mọ́ àbúrò yín lọ́wọ́. Ọmọdé kì í fẹ́ sọ fún àgbà pé "ẹ ò ṣe dáadáa". Á kàn fi gúrúùpù sílẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí ẹ kà kọ́ ni ẹ̀dá-ìtàn yín mọ̀

Gbogbo wa la ń ka gbogbo ìpín. Ẹ ti kà á pé Abẹ̀ní fi májèlé pamọ́ sábẹ́ ìkòkò. Akínlabí kò sí nínú ilé ìdáná yẹn. Bí Akínlabí bá wá dé tó lọ tààrà sídìí ìkòkò, ẹ ti jí àṣírí Abẹ̀ní. Kí ẹ tó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ bi ara yín: ta ló sọ fún un? Níbo ni wọ́n ti pàdé? Ìgbà wo? Ìròyìn láyé ìgbà yẹn ń fẹsẹ̀ rìn ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ààfin Ọ̀yọ́ Ilé kò lè dé etí ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan náà tó ṣú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn yín mọ̀, ẹ wá ọ̀nà tí yóò fi gbọ́, kí ẹ sì bi ẹni tó ni àṣírí náà bóyá ó ti tó àkókò.

Èyí kan ohun tí wọ́n sọ fún yín ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ ráńṣẹ́ sí yín nìkan pé ẹ̀dá-ìtàn òun máa kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí tiyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oògùn àti agbára

Ìtàn Yorùbá láìsí oògùn kò dùn. Ṣùgbọ́n ìjà oògùn ló ń bà á jẹ́ jù. Ẹnì kan ní ayẹta, ọta ìbọn kì í ràn án. Ẹlòmíràn ní egbé, wọ́n fẹ́ mú un, ó ti dé ilé rẹ̀. Ẹni kẹta ní àféẹ̀rí, ẹ ò rí i mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sẹ́ni tí nǹkan lè bà nínú gbogbo gúrúùpù, ìtàn sì ti dúró sójú kan. Ẹni tí ohunkóhun kì í bà kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí ó ti sọ gbogbo ohun tí àwọn yòókù ń kọ di asán.

Àṣà wa ti fún wa lójútùú. Oògùn tó múná máa ń ní èèwọ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ oògùn sínú ìwé ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ láìkọ èèwọ̀ rẹ̀ tì í, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe láàrin ìjà. Ayẹta tó máa ń bà jẹ́ bí òjò bá pa á. Egbé tí kì í ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ni ín bá ti jẹ irú oúnjẹ kan. Ẹni tó ni ẹ̀dá-ìtàn ló ń yan èèwọ̀ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bá a jà kò lè dìde lójijì kí ẹ ní "Akínlabí mọ̀ pé adìyẹ funfun ni èèwọ̀ rẹ̀". Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn yín wá a kiri, kí ó bẹ ìyá arúgbó kan, kí ó san owó ẹyọ. Ọ̀pọ̀ ìran aládùn ló wà nínú wíwá èèwọ̀.

Ọfọ̀ náà ńkọ́? Ẹ pe ọfọ̀ yín dáadáa, kí ẹ fi gbogbo ẹnu pè é. Ẹ má wá kọ ọ́ pé ó jẹ́. Ẹni tí ẹ pè é sí ló máa sọ bó ṣe rí lára òun.

Ẹni tí wọ́n ń ṣá náà ní ojúṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá ń yẹ gbogbo ìgbà, ẹ ń rẹ́ ẹnì kejì jẹ ni. Ẹ gba ọgbẹ́ kan, kí ẹ yẹ òmíràn. Níbi tí ẹ ò bá ti lè fẹnu kò, ẹ fi dáìsì ṣe é. Telegram ní àwòrán dáìsì tó máa ń yí fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi í ránṣẹ́, ẹ ò sì lè yan iye tó máa já sí. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò pé mẹ́rin sókè, ó bà á. Mẹ́ta sílẹ̀, kò bà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jù ú. Ohun tó bá já sí, ẹ gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tí kò ṣeé dá padà, ẹ bèèrè kó tó ṣẹlẹ̀

Ikú, ẹsẹ̀ gígé, oyún, ìgbéyàwó, ẹ̀sùn àjẹ́, títa èèyàn sóko ẹrú. Bí irú ìwọ̀nyí bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn, ẹ fi ọ̀rọ̀ ráńṣẹ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ sọ ìdí, kí ẹ sì dúró dìgbà tó bá dáhùn. Bí kò bá tíì dáhùn, kò tíì gbà. Bí ó bá ní rárá, ẹ má ní kó ṣàlàyé.

Èyí tó wúwo jù ni ohun tó lè kan ìgbésí ayé ẹni tó ń kọ̀wé. Ìjínigbé kì í ṣe ìtàn lásán fún àwọn kan nínú wa. Ẹnì kan lè ti sin ọmọ láìpẹ́. Kò pọn dandan kó sọ fún gbogbo gúrúùpù. Àwọn tó ń ṣe eré orí tábìlì ní káàdì kan tí wọ́n kọ X sí, John Stavropoulos ló dá a sílẹ̀. Bí ohun kan bá ni ẹnì kan lára, á fọwọ́ kan káàdì náà, wọ́n á fo ọ̀rọ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ìdí. Ẹ lè ṣe bákan náà lórí fóònù. Ẹ yan àmì kan tí gbogbo èèyàn mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi í ránṣẹ́, ìran yẹn yí padà níbẹ̀, láìsí "kí ló dé?". Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun rárá, kí olúkúlùkù fi àwọn ohun tí kò fẹ́ rí ránṣẹ́ sí admin, kí admin kó o jọ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀: bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá wà nínú gúrúùpù, kò sí rárá. Bí àgbà nìkan bá wà, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn dé kí ìran tó dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: àwọn tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, àti àwọn tó ní ọmọ láyé

Aláàfin kì í ṣe ti ẹnì kan nínú ìtàn wa. Admin ló ń bá gbogbo wa kọ ọ́, fún ohun tí ìtàn nílò nìkan. Ẹni tó bá ní Aláàfin lọ́wọ́ máa ń rò pé òun ti ní gbogbo ìlú: á pàṣẹ fún tibí, á lé tọ̀hún jáde. Ó sì yẹ ká rántí pé Aláàfin gan-an kò rí bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Ọ̀yọ́ Mèsì méje ló wà, Baṣọ̀run ni olórí wọn, wọ́n sì lágbára láti kọ ọba. Bí ẹ̀dá-ìtàn bá tiẹ̀ ti pàṣẹ, bóyá onítọ̀hún gbọ́ràn tàbí kò gbọ́, ẹni tó ni onítọ̀hún ló máa kọ ọ́.

Àwọn tí ìtàn mọ̀ dunjú, bíi Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, ẹ fara balẹ̀ sí wọn. Àwọn tó ń kì wọ́n ní oríkì ṣì wà láàrin wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n lè wà nínú gúrúùpù yín. Ẹ lè dárúkọ wọn, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n kọjá lọ lókèèrè. Ẹ má fi ìwà ìtìjú tí ẹ fúnra yín ronú kàn wọ̀ wọ́n. Ọba tó wà lórí oyè lónìí, ẹ má mú un wọ inú ìtàn rárá.

Bí ẹni tó ni ín kò bá sí nílé

Iná lè lọ. Dátà lè tán. Ìdánwò LAUTECH lè bẹ̀rẹ̀, kí ìdajì gúrúùpù pòórá. Kí ẹ ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí iye ọjọ́ tí ẹ máa dúró de ẹnì kan kí ìtàn tó tẹ̀ síwájú. Tiwa jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́wàá bí ó bá jẹ́ àsìkò ìdánwò. Bí ọjọ́ bá pé, ẹ fi ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ síbi tí nǹkan kan kò ti ní ṣe é: ó sùn, ó lọ pọnmi, ó ń tẹ̀ lé àwọn yòókù lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín nígbà tí kò sí. Ẹ má jẹ́ kó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Nígbà tó bá dé, kí ẹnì kan ṣàlàyé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ fún un ní ṣókí, kó má bàa jẹ́ pé á máa ka ìpín ọgọ́rùn-ún kó tó mọ ibi tí èèyàn rẹ̀ dúró sí.

Bí ẹnì kan bá ti tẹ ẹ̀dá-ìtàn yín mọ́lẹ̀

Ẹ má fi ìtàn gbẹ̀san. Bí ẹ bá jẹ́ kí Àjàyí dìde lójijì kó bẹ́ Akínlabí lórí, ẹ ti di méjì tó ṣẹ̀.

Ẹ kọ sí ẹni náà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ fa gbólóhùn náà yọ gan-an, ẹ má sọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi nípa ìwà rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tí ẹ ti ní Àjàyí ń bẹ̀bẹ̀ yẹn, mi ò rò pé ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè dá a dúró síbi tí idà ti ń bọ̀?" Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó fi rọ́pò rẹ̀, torí ẹni tí wọ́n bá kàn sọ fún pé ó ṣẹ̀, tí wọn kò sọ ọ̀nà àbáyọ fún, ìtìjú á mú un gbèjà ara rẹ̀. Ẹ tètè ṣe é: WhatsApp kì í jẹ́ kí èèyàn tún ọ̀rọ̀ kọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Telegram ń fún un ní wákàtí 48. Bí àkókò bá ti kọjá, kí ẹni náà kọ ìpín tuntun, kí àwọn yòókù ka ti àtijọ́ sí pé kò ṣẹlẹ̀.

Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ bá admin. Admin, ẹ gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì, kí ẹ sì tún ka ìpín náà fúnra yín. Ẹ má ya ojú fóònù wọn sí gúrúùpù kí gbogbo ayé wá dá ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣe é lemọ́lemọ́ ni, ẹ ní kó máa kọ pẹ̀lú ẹ̀dá-ìtàn admin nìkan fún ìgbà díẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ibi tó yẹ kó dúró. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń kọ́ ọ, torí kì í ṣe ìkà ló ń ṣe wọ́n. Ìtàn ló ń dùn mọ́ wọn jù.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò

Ẹ bi í ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Ó lè fẹ́ kó kú, kó fi ìlú sílẹ̀, kó fẹ́yìn tì sóko. Ó lè fẹ́ kọ ìpín tó kẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ẹ fún un láyè, kódà bí ìtàn bá ní láti dúró dè é. Ó sì lè fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ló máa yan ẹni náà, kí ó sì kọ ọ́ sínú gúrúùpù kí gbogbo èèyàn rí i. Bí ó bá ti lọ láìsọ nǹkan kan, tí kò sì dáhùn mọ́, ẹ̀dá-ìtàn náà lọ sí ìrìn àjò. Ẹ yọ ìwé rẹ̀ kúrò lókè, kí admin tọ́jú rẹ̀, ẹ má sì fi orúkọ náà fún ẹ̀dá-ìtàn tuntun.